Lu ọkọ̀ náà kí o tó sanwó

Àbúrò mi ní Kubwa, o ní owó tí o ń tọ́jú ti pé, o ti rí ọkọ̀ ìgbòkun ẹlẹ́sẹ̀-bàtà 45 kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ àti ìyàwó rẹ sì fẹ́ fi í gbéra láti Èkó lọ sí Bràsíìlì. O ní ṣé kí o rà á. Jọ̀ọ́, má tíì san kọ́bọ̀.

Òkun jìnnà sí àwa tí à ń gbé Abuja, àwòrán ló sì máa ń wọ̀ wá lójú. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn ní 2015. Ẹlẹ́sẹ̀-bàtà 38 ni tèmi, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, Las Palmas, ní erékùṣù Canary ti Sípéènì, ló wà. Nígbà tí mo débẹ̀, inú yàrá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wọ̀: pákó tó ń dán gbinrin, tìmùtìmù tuntun. Mo sanwó lọ́jọ́ kejì. Ní òru kẹta tí a wà lójú òkun, òjò dé, omi sì ń kán sí mi lójú níbi tí mo sùn sí. Nígbà tí a tú òkè rẹ̀, pákó tó wà láàárín ìpele fáíbà méjì ti jẹrà. Ìka ni mo fi ń bù ú bí ẹ̀kọ tútù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tún un ṣe. Owó ìrìnàjò mi bá a lọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, lọ síbẹ̀ fúnra rẹ. Fi ìdí sikurudiráfà máa lu orí ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó le á dún kó, kó, kó. Ibi tí omi ti wọ̀ á dún bọ̀ọ̀, bí ẹni lu páálí. Pẹ́ dáadáa nídìí òpó tó gbé ìgbòkun dúró, àti níbi tí wáyà tó di òpó mú ti wọ ara ọkọ̀. Ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé jù. Bí wáyà náà bá ti lo ọdún 10 sí 15, ka owó wáyà tuntun mọ́ owó ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tó ń fi yíyẹ ọkọ̀ wò ṣiṣẹ́. Ìwọ ni kó o wá a, kì í ṣe ẹni tó ń tajà.

45 ti pọ̀ jù fún ẹni méjì. Bí ìjì bá dé lóru, ẹni tí kò sùn nìkan ni yóò ká ìgbòkun yẹn. 34 sí 36 tó yín, ìdákọ̀ró àti owó ibùdókọ̀ rẹ̀ á sì dínkù. Fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ pamọ́ fún àtúnṣe.

Má sì fojú kéré ẹ́ńjìnnì. Láti Èkó, gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń fẹ́ wá, kì í sì í lágbára. Ìlà-oòrùn sì ni omi òkun ń ṣàn lọ. Ẹ ó máa dojú kọ méjèèjì títí ẹ ó fi kọjá erékùṣù São Tomé lọ sí gúúsù, kẹ́ ẹ tó bá afẹ́fẹ́ tó ń ti ọkọ̀ lọ sí Bràsíìlì pàdé.

Bí o bá dé ibi tí ọkọ̀ náà wà, àwòrán ìdí wáyà àti ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni kó o yà wá fún mi.