Ẹ́táńólù tó ka 1.3574: ẹ wo tẹmómítà kí ẹ tó bá ọlọ́jà jà

Ẹ ní ẹ́táńólù (ọtí líle tí wọ́n ń lò ní yàrá ìwádìí) tí ẹ rà, tí wọ́n pè ní ojúlówó, ń ka 1.3574 lórí rìfráktómítà Abbe, ẹ̀rọ tó ń wọn bí nǹkan olómi ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀, ìwé sì kọ 1.3614, ẹ wá ń bèèrè bóyá wọ́n ti bomi là á. Báwo ni yàrá yín ṣe gbóná tó? 1.3614 yẹn, ti digiri 20 ni. Bí ooru bá fi digiri kan lé sí i, nọ́ńbà ẹ́táńólù á fi bíi 0.0004 wálẹ̀. Tí yàrá bá wà ní digiri 30, ohun tí ẹ kà gan-an ló yẹ kó jáde. Àwọn ọ̀gá tó ń buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí láì kọ ìwọ̀n ooru sí i ló ń kó ìdààmú bá èèyàn!

Ẹ má jẹ́ kí omi distilled tí ẹ fi ń dán ẹ̀rọ wò tàn yín o. Láti digiri 20 dé 30, omi ò kúrò ju 1.3330 sí 1.3319 lọ. Ẹ̀rọ á dà bíi pé ara rẹ̀ dá, bẹ́ẹ̀ ooru ti ń yí nọ́ńbà ẹ́táńólù padà.

Ẹ nu prísìmù, ìyẹn gíláàsì inú ẹ̀rọ náà, ẹ kán ẹ́táńólù sí i, ẹ kà á. Ibi tó ń mú èèyàn sunkún ni pé ẹ́táńólù kì í dúró. Etí prísìmù ló ti ń gbẹ wọlé, ìlà tó pààlà ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn á wá rí págunpàgun. Bó ṣe ń fẹ́ lọ ló ń mú gíláàsì tutù, nọ́ńbà á máa gòkè. Tí afẹ́fẹ́ bá tún lọ́rinrin, á fa omi mọ́ra, ìyẹn náà á tún gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ pa prísìmù dé kíá, kí omi digiri 20 ti máa yí i ká tẹ́lẹ̀, kí ẹ kà á láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ tún òmíràn kán. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá fi ju 0.0002 yàtọ̀, ẹ má gbà wọ́n gbọ́.

Rìfráktómítà Brix alágbèéká, èyí tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, ńkọ́? Omi ṣúgà ni àtúnṣe ooru inú rẹ̀ wà fún, kì í ṣe ẹ́táńólù.

Ẹ gbọ́ èyí tí wọn kì í sọ: ẹ́táńólù àti omi, ìdajì sí ìdajì ní ìwúwo, ń ka 1.3616 ní digiri 20! Nọ́ńbà ń gòkè dé bíi 1.3658 nígbà tí ẹ́táńólù bá tó ìdá 80 nínú 100, lẹ́yìn náà ló ń sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, 1.3614 nìkan ò fi hàn pé ojúlówó ni. Háídírómítà, ohun tó ń léfòó láti fi bí nǹkan olómi ṣe wúwo tó hàn, ló máa yanjú ìyẹn: ojúlówó jẹ́ 0.789, ìdajì jẹ́ 0.914. Ṣùgbọ́n mẹ́táńólù, ọtí olóró tó ń fọ́ni lójú, jẹ́ 0.791, háídírómítà ò ní rí i. 1.3288 ni tiẹ̀ lórí rìfráktómítà, ó ń fa nọ́ńbà wálẹ̀ bí omi ṣe ń tì í sókè, àwọn méjèèjì sì lè bo ara wọn láṣìírí. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹnu máa kàn, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ní ẹ̀rọ gas chromatography, tó ń ya àwọn ohun tó pò mọ́ra sọ́tọ̀.

Ẹ fi háídírómítà wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ooru sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà tí ẹ bá rí.