Èsì: Kí ló dé tí àwọn ará Portland ò fẹ́ ilé-iṣẹ́ iná?
Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ló dé tí àwọn ará erékùṣù Portland, ní Dorset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò fẹ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa sun pàǹtírí fi ṣe iná mànàmáná. Kì í ṣe iná ni wọ́n kọ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ máa sun: tó 202,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún! Àwọn èèyàn bí 13,000 péré ló ń gbé ibẹ̀. Ibòmíràn ni wọn yóò ti máa kó pàǹtírí wá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì so erékùṣù náà mọ́ ilẹ̀. Èéfín ń bà wọ́n lẹ́rù, wọn ò sì fẹ́ kí ó ba etíkun wọn jẹ́, èyí tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kà sí ohun ìní gbogbo ayé láti 2001.

Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ náà lè fún àwọn ọkọ̀ òkun ní iná ní èbúté, kí wọ́n lè pa ẹ́ńjìnnì wọn. Ìyẹn dára, mi ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Dorset fúnra wọn kọ̀ ọ́ lóṣù kẹta 2023. Àfi bí ìjọba ní London ṣe fọwọ́ sí i lóṣù kẹsàn-án 2024. Èyí ló dùn mí jù.