Fáíbírọ́ìdì: béèrè ibi tó jókòó sí kó o tó béèrè bó ṣe tóbi tó

Àbúrò mi, mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè rẹ. O ní ọdún kẹta rèé tó o ti wọlé ọkọ, oyún ò tíì dé. Síkáànù ní fáíbírọ́ìdì 4 wà nínú ilé ọmọ rẹ, èyí tó tóbi jù tó sẹ̀ǹtímítà 6. Dókítà ní kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyá kan lọ́jà sì ní òun ní àgbo tí yóò yọ́ ọ dànù láàárín oṣù kan. O wá ń béèrè èwo ni kó o ṣe. Èmi náà gbé e sínú fún ọdún púpọ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, mo sì bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Má tíì dá dókítà lóhùn, má sì tíì fún ìyá ọjà lówó, títí wàá fi mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sí.

Ara ilé ọmọ ní ìpele mẹ́ta. Èyí tó wà nínú pátápátá ni awọ rírọ̀ tó máa ń nípọn lóṣooṣù kó lè gba oyún. Bí oyún ò bá wá, òun ló ń já bọ́ tá a fi ń rí nǹkan oṣù. Ti àárín ni iṣan tó ki, òun ló ń sún kì nígbà ìrọbí. Ti òde jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo gbogbo rẹ̀. Inú iṣan àárín yìí ni fáíbírọ́ìdì, tí àwọn ìyá wa ń pè ní ìjù, ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, ó lè dàgbà sínú, kó yọrí sínú yàrá tí ọmọ yóò gbé. Ó lè dúró sínú iṣan. Ó sì lè dàgbà síta, kó dojú kọ àpò ìtọ̀ tàbí ìfun. Lórí ìwé síkáànù, submucosal ni wọ́n ń kọ sí èyí tó yọ sínú, intramural sí ti inú iṣan, subserosal sí ti òde. Wá àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lórí ìwé rẹ lónìí. Bí o ò bá rí èyíkéyìí nínú wọn níbẹ̀, ìwé náà ò pé, padà lọ bá àwọn tó ṣe é.

Èyí tó wà lóde lè tó sẹ̀ǹtímítà 6, kó jùyẹn lọ, síbẹ̀ kó má dí oyún lọ́wọ́ rárá. Kó máa tẹ àpò ìtọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, kó o máa dìde tọ̀ lóru, tàbí kó tẹ ìfun kí ìgbẹ́ máa ṣòro. Èyí tó yọ sínú, bó tilẹ̀ kéré, òun ló sábà ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, òun ni kì í sábà jẹ́ kí oyún rí ibi lẹ̀ mọ́, òun ló sì lè mú kí oyún wálẹ̀. Ti inú iṣan, ibi tó bá tẹ̀ sí ni a ó wò: tó bá ti yàrá inú náà wọ́, a ò lè fojú fò ó, bí kò bá débẹ̀, ó lè má ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Nínú tèmi, ọ̀kan gbòógì wà tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ń torí rẹ̀ gbàdúrà. Òde ló wà. Kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló yọ sínú, òun ló ń fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣòfò. Síkáànù orí ikùn ò rí i. Ìgbà tí wọ́n ṣe ti ojú ara, tí wọ́n fi omi iyọ̀ díẹ̀ sínú ilé ọmọ kí inú rẹ̀ lè là, la tó rí i. Nítorí náà, béèrè fún síkáànù ojú ara. Kò dùn ún ṣe, ojú máa ń tini, ṣùgbọ́n ó ń sọ òtítọ́.

O ò sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nínú ìbéèrè rẹ, ìyẹn sì ń kọ mí lóminú, torí ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí nǹkan oṣù ṣe ń rí nìyẹn. Bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ń jáde, bó bá ń kọjá ọjọ́ 7, kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó o bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀ tí àyà rẹ ń lù kìkì, tàbí tí áísì ń wù ọ́ jẹ ṣáá, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè ti wọlé. Èmi ń run áísì bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà, mo rò pé ooru ni. Lọ ṣe PCV, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ tó, owó rẹ̀ ò pọ̀. Ó yẹ kí ti obìnrin tó 36 sókè. Bí kò bá tó 30, ọ̀pọ̀ dókítà ò ní fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ sókè. Oògùn tó ní irin nínú ni wọ́n máa fún ọ. Ọsàn ni kó o fi lò ó, má fi tíì tàbí mílíìkì lò ó, wọn kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Ìgbẹ́ rẹ máa dúdú, má bẹ̀rù. Oògùn kan tún wà, tranexamic acid, tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá nìkan. Ó ń dín in kù gan-an, ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́ fún ọ, torí kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rí.

Ó wá kan àgbo. Mi ò kì í bú ewé, àgbo ibà ìyá mi àgbà wo mí dàgbà. Ṣùgbọ́n lórí èyí, mo bẹ̀ ọ́, tọ́jú owó rẹ. Iṣan àti okùn ara ni fáíbírọ́ìdì, ó le, ohun tó sì ń bọ́ ọ ni họ́mónù tí ilé ẹyin rẹ fúnra rẹ̀ ń ṣe. Abẹ́rẹ́ kan wà lọ́sibítù tó máa ń mú kí ilé ẹyin dákẹ́ pátápátá fún oṣù díẹ̀. Àní òun náà, kó sún kì nìkan ló lè ṣe, bí wọ́n bá sì dá a dúró, ó tún ń dàgbà padà. Ìyá tó jẹ́rìí pé òun mu àgbo tó sì lọ, béèrè ọjọ́ orí wọn. Bí obìnrin ò bá rí nǹkan oṣù mọ́, fáíbírọ́ìdì máa ń sún kì fúnra rẹ̀. Ó tún máa ń kéré sí i lẹ́yìn ìbímọ.

Èyí tó burú jù ni àwọn nǹkan tí wọ́n ní kéèyàn kì bọ ojú ara, tí wọ́n á ní fáíbírọ́ìdì ló ń jáde yẹn. Awọ ojú ara tí oògùn ti bó ni. Mo mọ obìnrin tí ojú ara rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Egbò ibẹ̀ lè gba kòkòrò àrùn láàyè láti gòkè lọ sí túùbù, ìyẹn ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé ẹyin àti ilé ọmọ, kó sì dí i.

Túùbù yìí gan-an, o ò gbọ́dọ̀ gbójú fò ó. Kì í ṣe inú ilé ọmọ ni ẹyin àti àtọ̀ ti ń pàdé, inú túùbù ni. Ẹyin kan ló sábà máa ń jáde lóṣù, kì í sì í lò ju ọjọ́ kan lọ láyé. Àtọ̀ lè dúró dè é fún ọjọ́ 5. Bí wọ́n bá pàdé, ó tó bí ọjọ́ 6 kí oyún tó dé ilé ọmọ kó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí túùbù méjèèjì bá ti dí, kí wọ́n yọ gbogbo fáíbírọ́ìdì tán, oyún ò ní ọ̀nà. Àrùn tí wọn ò tọ́jú ló sábà ń dí i nílẹ̀ wa: àtọ̀sí, chlamydia tí kì í fi ara rẹ̀ hàn lára ọ̀pọ̀ obìnrin, tàbí àrùn tó wọlé lẹ́yìn oyún tó bàjẹ́. HSG ni wọ́n fi ń wò ó, ìyẹn kí wọ́n fi oògùn olómi sínú ilé ọmọ, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ láti mọ̀ bóyá túùbù là. Ó máa ń dunni, lo oògùn ìrora tí wọ́n bá fún ọ kó o tó lọ. Ẹ̀yìn tí nǹkan oṣù bá parí, kí ẹyin tó jáde, ni wọ́n ń ṣe é. Bó bá sì jẹ́ pé méjèèjì dí, IVF ni ọ̀nà, ìyẹn kí wọ́n mú ẹyin àti àtọ̀ pàdé níta ara, kí wọ́n tó gbé oyún sínú ilé ọmọ. Láti 1989 ni wọ́n sì ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọsibítù LUTH l'Ékòó. Mọ èyí kí wọ́n tó la ikùn rẹ.

Ọkọ rẹ ńkọ́? O ní wọn ò tíì ṣe àyẹ̀wò kankan, torí "ara wọn le." Agbára orí bẹ́ẹ̀dì yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú àtọ̀. Nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ọ̀rọ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú ti ìyàwó. Àyẹ̀wò àtọ̀ rọrùn, owó rẹ̀ ò sì dé ibi tí owó iṣẹ́ abẹ dé. Kí wọ́n má bá ọ sùn fún ọjọ́ 2 sí 7 kí wọ́n tó lọ. Ìwọ̀n ìsàlẹ̀ tí àjọ ìlera àgbáyé gbé jáde ní 2021 fún iye irúgbìn ọmọ inú àtọ̀ ni mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan. Bí ti àkọ́kọ́ bá kéré, ẹ má sunkún, ẹ tún un ṣe. Ti baálé mi kéré nígbà àkọ́kọ́, ìdílé fẹ́ dàrú. Dókítà béèrè bóyá ibà ṣe wọ́n láìpẹ́. Ó ṣe wọ́n lóòótọ́, ara wọn sì gbóná gan-an. Kórópọ̀n ò fẹ́ ooru, ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi gbé e síta ara, ó sì máa ń tó oṣù méjì ààbọ̀ kí àtọ̀ tuntun tó gbó. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti dára.

Má bá wọn sọ ọ́ níwájú ìyá wọn o. Sọ fún wọn ní yàrá pé dókítà fẹ́ rí àwa méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ sì jọ lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tán, ó lè jẹ́ pé o ò nílò iṣẹ́ abẹ rárá. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà lóde, bí túùbù là, bí ti ọkọ rẹ dára, béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹ lè gbìyànjú oyún ná. Ọ̀pọ̀ ló ń bímọ pẹ̀lú fáíbírọ́ìdì. Ó lè dunni burúkú láàárín oyún, bó bá dàgbà ju ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ lọ, ṣùgbọ́n ìsinmi àti oògùn ìrora ló sábà ń tó o.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan kékeré ló yọ sínú, béèrè bóyá wọ́n lè gba ojú ara yọ ọ́ láìla ikùn. Bó bá di pé wọ́n máa la ikùn, myomectomy ni kó wà lórí ìwé tó o máa fọwọ́ sí, ìyẹn yíyọ fáíbírọ́ìdì nìkan. Ka ìwé náà fúnra rẹ. Hysterectomy túmọ̀ sí pé wọ́n máa gbé ilé ọmọ kúrò. Ó lè ṣẹlẹ̀, kò wọ́pọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ kọ̀ tí kò dá, tí wọ́n sì ní láti ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀mí má bọ́. Kí dókítà sọ ìyẹn fún ọ kó o tó sùn sórí tábìlì. Bi wọ́n bóyá wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, bi wọ́n bóyá ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀, kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ sì lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Mọ̀ pé òmíràn lè hù lẹ́yìn ọdún díẹ̀, torí náà má ṣe é nísinsìnyí kó o wá máa sún oyún síwájú. Wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn dúró fún oṣù 3 sí 6, kí ojú ọgbẹ́ inú lè jinná, kó tó gbìyànjú.

Kó o tó kúrò lọ́sibítù, gba ìwé tí wọ́n fi kọ bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n lè ṣe bí ẹni pé kò yẹ kó o gbà á. Dúró tì wọ́n. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bóyá ọ̀bẹ dé yàrá inú ilé ọmọ, òun sì ni dókítà tó máa gbẹ̀bí rẹ yóò fi mọ̀ bóyá kó jẹ́ kó o rọbí fúnra rẹ tàbí kó ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀, torí ojú ọgbẹ́ àtijọ́ lè ya. Ìlú mìíràn ni mo ti bímọ, ìwé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi.