Báwo ni gáàsì kan náà ṣe ń fún ilé iṣẹ́ ní iná mànàmáná àti ooru pọ̀?

Ẹni tó béèrè ní òun gbọ́ ọ ní Olúyọ̀lé, n'Íbàdàn, pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. Òótọ́ ni, kì í ṣe idán.

Ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ ilé yín (ẹ má fọwọ́ kàn án o!). Ooru tó ń tú síta níbẹ̀, owó epo yín ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti tọ́báìnì onígáàsì, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tí gáàsì tó ń jó ń yí láti mú iná wá: nínú ìdá 100 agbára gáàsì tó jó, nǹkan bí 35 sí 40 ló ń di iná. Ìyókù, ooru ni. Dípò kí èéfín gbígbóná náà kàn gba ojú símínì lọ, wọ́n á darí rẹ̀ sí bọ́ílà, omi á hó títí á fi di oru, páìpù á sì gbé oru náà lọ fún àwọn tó ń pọn ọtí, tó ń ṣe ọṣẹ tàbí tó ń fọ ìgò. Báyìí, ohun tí wọ́n ń rí lò lè tó ìdá 80.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn. Iná lè rìnrìn àjò lórí wáyà, àmọ́ oru á ti tutù kó tó dé. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ náà fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí ilé iṣẹ́. Ibi tí páìpù gáàsì kò bá dé, tírélà ló ń gbé CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà, wá. Ilé iṣẹ́ tí kì í lo ooru lójoojúmọ́, kó má wulẹ̀ dá a láṣà.