Lórí kíkọ́ àgbàlá fíìmù Rear Window sínú kọ̀ǹpútà: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú iṣẹ́, arákùnrin. Mo ka ìbéèrè yín pé ẹ ti ń kọ́ àgbàlá inú fíìmù Rear Window sínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ ilé àti nǹkan mìíràn ní àwòrán, àti pé ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bí iná inú àwọn fèrèsé yóò ṣe tàn lálẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe tàn nínú fíìmù. N óò dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ yín: báwo ni ẹ ṣe mọ bí ilé Thorwald, aládùúgbò tí wọ́n fura sí pé ó pa ìyàwó rẹ̀, ṣe jìnnà tó sí fèrèsé Jefferies, ayàwòrán tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí ó ń ṣọ́ ọ láti òdìkejì àgbàlá? Nínú àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, àgbàlá náà gùn jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ṣe kọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́, oṣù 14 sì ni mo fi ṣe é kí n tó wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ẹ ti mọ̀ pé Greenwich Village ní New York ni ìtàn náà ti wáyé, àmọ́ inú Stage 18, gbọ̀ngàn ìyàwòrán kan ní ilé iṣẹ́ fíìmù Paramount, ní Hollywood, ni wọ́n kọ́ àgbàlá náà sí fún Alfred Hitchcock tí ó darí fíìmù náà, fíìmù sì jáde ní 1954. Fúláàtì 31 ni wọ́n kọ́. Nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ilé náà ga, wọ́n yọ ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà kúrò kí àjà ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ lè di àgbàlá. Ìyẹn ni pé yàrá Jefferies, tí ó dà bí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lójú wa, wà ní ìpele ilẹ̀ gbọ̀ngàn gan-an. Ilẹ̀ yàrá yẹn ni kí ẹ fi ṣe òdo nínú ìwọ̀n yín, kí ẹ máa wọn ohun gbogbo lọ sókè àti sí ìsàlẹ̀ láti ibẹ̀.

Ibi tí mo ti jìyà ni mo ń bọ̀ yìí. Ọ̀mọ̀wé kan tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé kò sí ohun tí ó le níbẹ̀, pé kí n yọ àwòrán bí ẹgbẹ̀rún kan láti inú fíìmù, kí n kó wọn fún ètò kọ̀ǹpútà tí ó máa ń sọ fọ́tò di ilé, yóò sì bá mi wọn gbogbo rẹ̀. Mo gbà á gbọ́ nítorí oyè tí ó wà níwájú orúkọ rẹ̀. Alaalẹ́ ni mo ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí kọ̀ǹpútà má bàa kú láàárín iṣẹ́, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ohun tí n óò bá lójú rẹ̀ kò ju ògiri pẹlẹbẹ kan lọ, tí ó tẹ̀ yí fèrèsé Jefferies ká bí aṣọ ìkélé. Ilé Thorwald, yàrá olórin tí ó wà lápá ọ̀tún, àtẹ̀gùn onírin tí tọkọtaya ń sùn sí nítorí ooru, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ ara wọn. Mo yí ètò náà padà, mo tún fi àwòrán kún àwòrán, òun kan náà ni. Nígbà tí mo padà lọ bá ọ̀mọ̀wé náà, ó ní kọ̀ǹpútà mi ni kò lágbára tó. Mo yáwó ra òmíràn, ògiri pẹlẹbẹ náà ni mo tún rí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro rárá, ó sì yẹ kí ẹni tí ó ń gbowó lórí iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé àtàǹpàkò yín sókè níwájú ògiri, kí ẹ di ojú kan. Bí ẹ bá gbé orí yín lọ sí ẹ̀gbẹ́, àtàǹpàkò yóò yẹ̀ lára ògiri, ẹ óò sì mọ èyí tí ó wà nítòsí. Bí ó bá jẹ́ pé orí yín dúró sójú kan, tí ẹ kàn ń yí ọrùn, kò sí ohun tí yóò yẹ̀ lára ohun kan. Jefferies jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ pẹ̀lú POP lẹ́sẹ̀, láti inú yàrá rẹ̀ ni kámẹ́rà sì ti ń wo ayé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ọrùn nìkan ni ó ń yí. Ẹgbẹ̀rún àwòrán láti ojú kan ṣoṣo kò yàtọ̀ sí àwòrán kan.

Mo tún kọ̀wé sí ilé ìpamọ́ kan láti béèrè àwòrán tí àwọn kọ́lékọ́lé fíìmù náà lò. Wọ́n béèrè lẹ́tà, mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí ẹni tí ó mọ̀ mí fọwọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n gba owó. Lẹ́yìn oṣù 7, ẹ̀dà kan tí ó ti ṣá ni wọ́n fi ránṣẹ́, kò sì sí nọ́ńbà ìwọ̀n kan tí ó ṣeé kà lórí rẹ̀. Ẹ má fi owó yín ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Ajá ni ó yọ mí. Ẹ rántí ajá kékeré tí wọ́n máa ń fi apẹ̀rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá. Nígbà tí wọ́n bá òkú rẹ̀, tí olówó rẹ̀ sì figbe ta, kámẹ́rà jáde kúrò nínú yàrá, a sì rí àwọn aládùúgbò lójú fèrèsé wọn láti ibòmíràn. Àwọn ìṣẹ́jú kéékèèké yẹn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni nǹkan ti yẹ̀ lára nǹkan. Mo kó àwòrán láti ibẹ̀ sínú fSpy, ètò kọ̀ǹpútà tí ó máa ń fi àwòrán kan mọ ibi tí kámẹ́rà dúró sí, mo sì wá ìwọ̀n lára ohun tí a mọ gíga rẹ̀. Mo tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ojú kọ̀ǹpútà, mo ń fi bírò sàmì sí ìlà bíríkì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú fi ń ro mí. Ní Amẹ́ríkà, ìlà bíríkì 3 pẹ̀lú símẹ́ǹtì àárín wọn sábà máa ń ga tó ínṣì 8, ilẹ̀kùn sì sábà máa ń ga tó ínṣì 80. Àwa tí a dàgbà láàárín búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ojú wa má tàn wá jẹ. Bíríkì inú gbọ̀ngàn fíìmù sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n fi pílásítà ṣe, nítorí náà bí bíríkì àti ilẹ̀kùn kò bá fẹnu kò, ẹ má gba ìkankan gbọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà tí wọ́n gé etí rẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. fSpy gbà pé àárín àwòrán ni àárín lẹ́ǹsì, bí wọ́n bá sì ti gé ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, irọ́ ni yóò máa pa fún yín. Àwòrán tí Jefferies fi lẹ́ǹsì gígùn rẹ̀ wò náà kò dára fún ìwọ̀n, ó ń fún ọ̀nà jíjìn pọ̀. Ẹ má sì gbàgbé òdòdó tí ajá ń họ ilẹ̀ ìdí rẹ̀: ó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí Jefferies fi fọ́tò àtijọ́ wé e, nítorí náà oríṣi méjì ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá ń gbèrò láti ta iṣẹ́ náà, ẹ lọ bá agbẹjọ́rò. Ní 1990, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ lórí ìtàn Cornell Woolrich tí ó jáde ní 1942, èyí tí wọ́n fi ṣe fíìmù yìí, ẹni tí ó ra ẹ̀tọ́ ìtàn náà ni ó sì borí àwọn tí ó ni fíìmù.

Ní ti iná tí ẹ béèrè: ẹ má ṣe jẹ́ kí gíláàsì fèrèsé fúnra rẹ̀ máa tàn. Ẹ kọ́ yàrá sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ògiri àti àga, kí ẹ sì gbé iná fífẹ̀ sókè lápá iwájú yàrá náà níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí i. Fíìmù aláwọ̀ ìgbà yẹn nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, gílóòbù tí a ń rí lórí tábìlì nìkan kò lè tó o. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná yàrá Thorwald, kí ẹ fi iná pupa kékeré kan síbi tí ó jókòó sí, bíi sìgá tí ó ń mu nínú òkùnkùn lálẹ́ tí ajá kú. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí kẹ̀kẹ́ Jefferies, kí ẹ máa dín iná àwọn yàrá yòókù kù títí iná sìgá yẹn yóò fi hàn kedere láti òdìkejì àgbàlá.