Ọkọ̀ mi ń gbóná ní gosiló: ṣé kí n ra ẹ́ńjìnnì mìíràn ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Toyota Camry 1998 onísílíńdà mẹ́rin ni mò ń wà láti Òkè-Báálẹ̀ ní Òṣogbo lọ síbi iṣẹ́ ní Abẹ́rẹ́. Bí gosiló bá ti mú mi ní Ọláìyá, géèjì ooru á máa gòkè títí á fi kan pupa. Bí ọ̀nà bá là tí mo sáré díẹ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti fi rédíétọ̀ tókunbọ̀ mìíràn sí i, wọ́n yọ tẹmosítáàtì dànù, wọ́n sì so fáànù tààrà, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti ṣáná sí ọkọ̀ ló ń yí. Síbẹ̀, kò yí padà. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì ló ti gbó, kí n lọ ra òmíràn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, èyí tí mo dì mú ni pé géèjì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀nà bá là. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ gba inú rédíétọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò fáànù. Bó bá dúró sójú kan, fáànù nìkan ló kù tó lè fa atẹ́gùn náà. Ọkọ̀ tó ń gbóná lórí ìdúró, tó ń tutù lórí eré, atẹ́gùn ni kò rí tó. Ká ní ìgbà tí ẹ forí lé ọ̀nà Gbọ̀ngán tí ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 100 ló ń gbóná ni, omi ni ǹ bá fura sí: rédíétọ̀ tó di nínú, tàbí hóòsì ìsàlẹ̀ tó ń fún pọ̀, tàbí wọ́tà pọ́ńpù tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Pọ́ńpù Camry yín, táímìn bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, iṣẹ́ ńlá ni títú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láìnídìí.

Ẹ ní fáànù ń yí. Mo gbà, ṣùgbọ́n kó máa yí yàtọ̀ sí kó máa ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ní kí ẹnìkan ṣáná sí ọkọ̀, kí ẹ mú abala ìwé kan, kí ẹ gbé e sún mọ́ iwájú rédíétọ̀ láti ìta. Ó yẹ kí atẹ́gùn fà á kó lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ń tì í dànù, a jẹ́ pé ẹni tó so wáyà ti gbé ọ̀kan sípò èkejì, fáànù sì ń yí sódì, ó ń bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà. Mo ti rí irú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bí ìwé náà bá kàn ń mì lásán tí kò lẹ̀, ó lè jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò fáànù ti jẹ tán, tàbí pé wáyà tí wọ́n fi so ó tààrà tín-ín-rín jù, iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Ẹ tan éèsì náà, kí ẹ wò ó bóyá fáànù kejì ń dá sí i.

Èyí tí mo tún fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí ni ike ńlá tó yí fáànù ká. Bí rédíétọ̀ tókunbọ̀ tí wọ́n rà kò bá bá ike yẹn mu, àwọn kan máa ń gé e dànù, wọ́n á wá fi wáyà so fáànù mọ́ ara rédíétọ̀. Ike yẹn ló ń mú kí fáànù fa atẹ́gùn láti gbogbo ojú rédíétọ̀. Láìsí i, ibi tó kọjú sí abẹ̀bẹ̀ nìkan ló ń tutù, atẹ́gùn gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì á sì tún máa yí padà wọlé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín ṣe rí, ẹ wá ike tó bá a mu. Ẹ tún yẹ àárín rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà éèsì tó wà níwájú rẹ̀ wò: eruku ọyẹ́, koríko àti kòkòrò máa ń ṣù síbẹ̀ bí irun. Láti ẹ̀yìn síwájú ni kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, kí omi náà má le jù, kó má baà tẹ àwọn ewé irin tín-ín-rín ara rédíétọ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ tẹmosítáàtì máa ń bà mí nínú jẹ́. Àwa mẹkáníìkì la sọ ọ́ di ọ̀tá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí ó fi lọ́ dáadáa, kó tó ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ fún un, ní nǹkan bíi 82°C lára ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná dé ibi tó yẹ, á sì máa mu epo sí i. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, òun náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà yẹ rédíétọ̀ sílẹ̀, nítorí náà yíyọ rẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ gbóná sí i. Ẹ ra tuntun. Kí wọ́n tó fi sí i, ẹ fi òwú gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìdí ìkòkò. Kí omi tó hó, ó yẹ kó ti là; bí omi bá tutù, kó padé.

Ẹ pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀ náà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti le, kò ní lè ti omi pa mọ́. Omi tí a tì pa máa ń kọjá 100°C dáadáa kó tó hó. Omi kànga tí ọ̀pọ̀ wa ń bù sí i ló ń kó ìpẹtà àti èépá jọ sínú rédíétọ̀. Kúláǹtì ni kí ẹ lò, kí ẹ fi omi mímọ́ tí wọ́n ń tà fún bátìrì là á bó bá jẹ́ ògidì. Ẹ ṣọ́ra, kì í ṣe asíìdì bátìrì o. Bí wọ́n bá ń rọ ọ́, kí ọkọ̀ tutù, kí iwájú rẹ̀ ga díẹ̀, kí ìdérí wà ní ṣíṣí, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ títí hóhò á fi tán, torí afẹ́fẹ́ máa ń há sínú bí wọ́n bá pààrọ̀ rédíétọ̀.

Hóhò tí kò bá tán ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀rù wà, nítorí ọkọ̀ yín ti kan pupa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bó bá ń hó láìdúró, tí omi ń dín kù láìjò sílẹ̀, tí èéfín funfun olóòórùn dídùn ń jáde ní sáíléńsà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, tàbí tí ọ́ìlì dà bí tíì onímílíìkì, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín tọ́ọ̀pù sílíńdà àti ara ẹ́ńjìnnì, ti jó nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á tú tọ́ọ̀pù sílíńdà, wọ́n á wọ̀n ọ́ bóyá ó ti wọ́, wọ́n á gbé e lọ fá kó tẹ́jú, wọ́n á fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Ìyẹn pàápàá kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun.

Bó bá tún gbóná ní Ọláìyá kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ pa éèsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan híítà dé òpin. Yóò mú yín làágùn, ṣùgbọ́n ó ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bí géèjì kò bá sọ̀, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ẹ pa á. Ẹ má da omi tútù lé e lórí, ẹ má sì ṣí ìdérí títí ọwọ́ á fi lè gba hóòsì òkè mú láìjóni. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo fi aṣọ bo irú ìdérí bẹ́ẹ̀, mo ṣí i. Omi náà bó mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, àpá rẹ̀ wà lára mi dòní.

Abala ìwé tí mo ní kí ẹ gbé sún mọ́ rédíétọ̀ yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ bá réwáyà tó mọ iṣẹ́, kó dá fáànù padà sórí rìlẹ́ẹ̀ àti súwíìṣì rẹ̀, àwọn tó ń mú kó yí fúnra rẹ̀ bí omi bá gbóná.