Táyà tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀: ṣé kí n rà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Corolla ni mò ń wà, mo sì máa ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Táyà mi ti jẹ. Ẹnì kan fi tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ hàn mí, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti tuntun. Fọkanáísà mi ní kí n rà á, pé òun á fọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ dé 45 PSI kó lè le dáadáa lójú títì márosẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ọjọ́ orí táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Rọ́bà ń gbó bí kò tiẹ̀ yí lójú títì rí. Oòrùn àti ooru á mú un gan, á sì máa sán. Táyà tó ti gbó tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ẹni tó ń wà á kì í fura títí tó fi máa bẹ́.

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yí ẹ̀gbẹ́ kejì síta, torí ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ọdún mẹ́rin ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, fi sí táyà nílẹ̀ wa, òun lèmi náà sì ń tẹ̀ lé. Kọ́sítọ́ọ̀mù pàápàá ti fòfin de kíkó táyà àlòkù ọkọ̀ kéékèèké wọlé.

Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìyẹ̀fun dúdú bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ sì rí ibi tó ti bó yípo lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, wọ́n ti wà á nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó gbé e dúró ti bà jẹ́. Ọ̀dà tó ń dán tí wọ́n fi kùn ún lóde kò lè tún un ṣe.

Ní ti 45 yẹn, rárá o. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ẹ ó rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó. Òun ló máa sọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ yín ń fẹ́. Ti Corolla sábà máa ń wà láàárín 30 sí 35. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sára táyà ni ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kì í ṣe ibi tí ẹ máa fọn ọ́n dé. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, àárín táyà nìkan ló máa ń fọwọ́ kan ilẹ̀, bíréèkì ò ní mú dáadáa nínú òjò, kòtò kan ṣoṣo sì lè já okùn inú rẹ̀. Kó kéré jù tún burú ju ìyẹn lọ: ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn, á gbóná, á sì bẹ́ lórí eré. Ẹ ra gééjì tiyín, kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò nílé. Tó bá lọ sókè lẹ́yìn ìrìn jíjìn, ẹ má tú u sílẹ̀. Ooru ló gbé e sókè.

Bó bá jẹ́ pé méjì lowó yín ká, ẹ ra tuntun méjì tí nọ́ńbà ìtóbi wọn bá ti ara òpó yẹn mu, kẹ́ ẹ fi wọ́n sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà á bá yín jiyàn pé iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń fà. Òótọ́ ni, àmọ́ bí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, ẹ lè rọra dẹsẹ̀ kúrò lórí eré. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló yọ̀, ọkọ̀ á yí po.

Kẹ́ ẹ tó sọ àwọn ti àtijọ́ nù, ẹ wò bí wọ́n ṣe jẹ. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló jẹ, ẹ lọ ṣe àláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí wọ́n dúró gún, ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá de tuntun gan-an, torí ohun tó jẹ ìyẹn kò tíì kúrò lára ọkọ̀.